Ẹ̀yìn Ìkòkò Aró

Àlàmísì, 2 Fẹ́búárì 1984
Ìwé mi, n kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, kódà fún Jùbí, ọkọ mi: mo mọ ẹni tó ń jẹ ṣinṣín àlejò inú agolo wa. Bùsírátù ni, àbúrò ọkọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo bá a lẹ́yìn ìkòkò aró, ẹnu kún fún ṣinṣín àti súwíìtì bàbá dúdú. Kò jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń gbádùn. Ó ń kó o mì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Omijé lójú. Ìyá tó bí òun àti ọkọ mi kú lọ́dún tó kọjá. Kí ni kí n ṣe? Ó ti wà nílé yìí kí n tó dé, n kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, ká má tíì sọ pé kí n bá a wí. Ọkọ ló jẹ́ fún mi! Eyínfúnjowó ni mo ń pè é. Inú rẹ nìkan ni mo ti lè kọ orúkọ gan-an.

Jímọ̀, 3 Fẹ́búárì
Ìyàwó ni mí! Ìyàwó Jùbrílù! Mo jí, mo rántí, mo rẹ́rìn-ín sínú ìrọ̀rí.

Àìkú, 5 Fẹ́búárì
Inú ń bí mi. Rodo — ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, Àǹtí Àsíátù. Ìwọ nìkan lo gbọ́ Rodo o — ló ń bu oúnjẹ nílé yìí. Lójú gbogbo wa ló mú ẹran kúrò nínú abọ́ ọmọ náà. "Àgbá! Ṣé ká fẹ ẹnu ọ̀nà sí i fún ẹ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn! Ọmọ náà ti abọ́ sẹ́yìn, ó ní òun ti yó. Kò pẹ́, ó di ẹ̀yìn ìkòkò aró. Wọ́n fi ẹ̀sín lé e kúrò nídìí oúnjẹ, wọ́n tún ń bèèrè ibi tó ti ń sanra.

Àlàrùbá, 8 Fẹ́búárì
Mo sọ fún Jùbí mi. Ó ní ìyàwó kì í bá ọmọ ọkọ wí. Mo ní ta ló ń sọ ti ọmọ? Ẹ̀gbọ́n yín ni kí ẹ bá wí. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, làálì ẹsẹ̀ ẹ ò tíì ṣí!" Mo kẹ̀yìn sí i. Ìjà wa àkọ́kọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ — àmọ́ orí rẹ̀ le!

Àbámẹ́ta, 11 Fẹ́búárì
Mo ní kí Eyínfúnjowó wá bá mi jẹun ní yàrá, abọ́ kan náà. Ẹ̀bà, ọbẹ̀ ilá, ẹran tirẹ̀ lódidi. N kò wo ọwọ́ rẹ̀. N kò sọ̀rọ̀ sísanra. Ó jẹ, ó dáwọ́ dúró — ó ṣẹ́ oúnjẹ kù! "Ó tó mi, ìyàwó wa." Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń sá pamọ́ jẹun. Ó ní bí òun bá jẹun níwájú wọn, ọ̀rọ̀ lòun ń gbé mì.


Àtàláátà, 14 Fẹ́búárì
Mo yọjú wo ẹ̀yìn ìkòkò aró. Kò sẹ́nì kankan. Alihamudulilahi!

Àlàmísì, 16 Fẹ́búárì
Rodo gbá ẹ̀yìn ìkòkò, ó rí bébà súwíìtì àtijọ́, ó sín wọn sí okùn bí ìlẹ̀kẹ̀, ó fi kọ́ ọmọ náà lọ́rùn. Ó ní kó gbé e dé ọjà Ìtòkú, kí àwọn aláàdìrẹ rí alájẹkì. Àwọn ọmọ ilé ti ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé e. Mo jáde láìwé gèlè, mo já okùn náà. "Bùsírátù, wọlé!"
Ó ti bọ́ lẹ́nu mi.
Rodo káwọ́ lérí: "Ó pe orúkọ ọmọ ọkọ ní gbangba! Ẹ wá gbọ́ o!"
Okùn ọrùn ọmọ kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Orúkọ tí mo pè ló bí wọn nínú!

Jímọ̀, 17 Fẹ́búárì
Bàbá ọkọ mi ti ránṣẹ́ pe ìpàdé ẹbí: gbogbo ọmọ ilé, títí kan àwọn ti Èkó, àti àwọn òbí mi láti Òwu. Rodo fẹ́ kí n kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, kí wọ́n sì mú ọmọ náà lọ sí abúlé, kó lọ gbẹ díẹ̀. Gbẹ! Jùbí mi ní kí n ṣáà kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán.
N óò kúnlẹ̀. Orúkọ tí mo pè, mo jẹ̀bi rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní dìde títí n óò fi sọ ti ẹran, ti Àgbá, ti okùn yẹn, lójú Rodo. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Jùbí mi. Ó ní òun náà á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọkọ mi! Mo fò mọ́ ọn!
Bàbá ní àwáwí kankan ò sí. Àìkú, 19 Fẹ́búárì, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Kí gbogbo wọn wá.