Ìyẹ̀fun Dúdú Tí Ọkọ Mi Fi Sílẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta
Màdáámù, ọ̀gá wa, gbé e lé mi lọ́wọ́ lónìí. Ìyẹ̀fun dúdú, kò tó ìdajì ṣíbí — èyí tí Èédú, ọkọ mi, fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbẹ̀yìn kó tó kú. Ọ̀pá kábọ́ọ̀nù oníhò ni, ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan. Kò sẹ́ni tó tún mọ bó ṣe ń ṣe é. Màdáámù ní kí n gé wọn kúrú, kí wọ́n lè máa gbé oògùn wọnú ara. Ẹ gbà mí o! Opó ni wọ́n ní kó wá gé ọkọ ẹ̀ kúrú.

Ìṣẹ́gun, 5
Mo po ásíìdì méjì pọ̀, mo da ìyẹ̀fun náà sí i, mo gbé e sínú abọ́ omi tí ẹ̀rọ ń gbọ̀n. Ibi tí kò bá lágbára lára ọ̀pá ni ásíìdì ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń dá a. Òórùn ẹ̀ ń ta imú. Mo ń sọ pé, rọra, Èédú. Bíi wèrè.

Ọjọ́rú, 6
Fífọ̀. Ó yẹ kí n máa da omi sí i lórí asẹ́ títí bébà tí a fi ń dán ásíìdì wò kò fi ní pọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó kúrú jù ń bá omi jò lọ. Ṣé kí n máa da ọkọ mi sí gọ́tà ni? Bébà ṣì ń pọ́n — mo dáwọ́ dúró. Mo dà á sínú ìgò omi. Omi dúdú bíi tàdáwà. Inú mi dùn, kí n má parọ́.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ojú Àwòdì, bùọ̀dá tó ń tọ́jú awò ńlá tí a fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí, ní wọ́n kúrú bó ṣe yẹ.

Ẹtì, 8
Ó tún wò ó. Wọ́n ti kúrú sí i. Ó ń rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ẹ ò fọ̀ ọ́ tán." Mo ní mo fọ̀ ọ́ tán. Irọ́ ni.

Àbámẹ́ta, 9
Omi ìgò ti di àwọ̀ tíì. Tí mo bá tún un fọ̀ báyìí, kí ló máa kù? Mo jẹ́wọ́ fún Ojú Àwòdì. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ásíìdì tó ṣẹ́kù yẹn ò lè pa èèrà — kí ló wá ń jẹ ẹ́? Mo na ìgò sí i. Kò gbà á.

Àìkú, 10
Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ajé, 11
Omi mọ́ gaara. Mo gbọ̀n ọ́n. Mo dà á sórí asẹ́ — asẹ́ funfun báláú. Ó ti tán. Mo sunkún débi pé èémí fẹ́ẹ̀ já lẹ́nu mi.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ìyá ọkọ mi pè. Wọn ò mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Wọ́n ní àwọn lálàá ọmọ àwọn: ó ti kéré bí ọmọ ọwọ́, ó sì ń kéré sí i, ó ń bẹ àwọn pé, "Màámi, ẹ bá mi sọ fún un kó fọ̀ mí tán."

Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, kí ni o ò fọ̀ tán?"

Kò sí ohun tó kù tí mo lè fọ̀.