Aṣọ Fèrèsé Ará Róòmù ti Ẹ̀gbọ́n Mi Odette

                                        Soclogbo,
                                        Dassa-Zoumè.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní, ọdún 2024.

Gilbert, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí eyín iwájú wa kò tíì hù padà,

Ṣé ara le? Gisèle ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ ti gbà kí o máa rìn dé ọjà? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo ìwé mi, mo sì ń ṣe bí ẹni pé òun ni kò jẹ́ kí n kà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Odette ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Láti ìgbà àìsàn ọjọ́sí, ọwọ́ ọ̀tún wọn kò gbọ́ràn mọ́. Ohun tó dùn wọ́n jù ni pé ẹlòmíràn ló ń bá wọn ṣí aṣọ fèrèsé láràárọ̀ kí wọ́n tó rí òkè tó wà níwájú ilé. O rántí ìró tí ìyá wa ta bo fèrèsé ilé àtijọ́? Ó gbó títí òkè fi ń hàn gba inú rẹ̀. Odette ló máa ń ká a sókè, tí wọ́n á máa pè wá pé ilẹ̀ ti mọ́, ẹ̀yin ọ̀lẹ méjì. Kò sí ẹ̀rọ kankan lára rẹ̀ ju ọwọ́ wọn lọ. Òórùn èéfín rẹ̀ ṣì wà nímú mi.

Ni Juvénal ọmọ wọn bá gbé aṣọ fèrèsé kan dé láti Kùtọnù, irú èyí tó ń ká ara rẹ̀ jọ ní ìpele-ìpele bó bá ń gòkè. “Store romain” ló pè é, ìyẹn aṣọ fèrèsé ará Róòmù, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wákàtí kan bí ẹni tó ń ka òfin ìjọba. Ẹ̀wọ̀n tí a fi ń fà á sókè ló bá a wá, àmọ́ a lè fi okùn tàbí ẹ̀rọ oníná rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ ni Juvénal fẹ́.

“Màmá, bọ́tìnì télécommande lẹ ó kàn máa tẹ̀.”

“Tí iná bá lọ ńkọ́? Ṣé kí n máa dúró dìgbà tí Kùtọnù bá dá iná padà kí n tó rí òkè?”

Okùn náà kò ṣe é ṣe. Bí ọwọ́ kan bá fà á, ọwọ́ kejì ló máa so ó mọ́ ìkọ́ ara ògiri.

Juvénal wá gbé aṣọ náà kọ́ pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ike funfun oníhóró wínníwínní. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ òsì mú un, wọ́n tẹ hóró rẹ̀ wò, wọ́n ṣe àmì àgbélébùú.

“Chapelet rèé, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Láti Róòmù ló ti wá, o ò sọ ọ́ látàárọ̀?”

Juvénal la ẹnu láti ṣàlàyé. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Wọ́n fa hóró kan, wọ́n ní, “Mo kí ọ, Màríà.” Wọ́n fa òmíràn. Bí wọ́n bá sinmi, aṣọ náà á dúró síbi tó dé. Nígbà tí wọ́n ka ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mejì, òkè ti yọ láti ìdí dé orí. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá ní kí a jáde, pé àwọn kò tíì parí.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kan fèrèsé wọn.

Bá mi kí Gisèle àti àwọn ọmọ. Bí orúnkún bá gbà fún ọ, yà kí wọn. Ṣùgbọ́n má wá láàárọ̀, wọn ò ní dá ọ lóhùn.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ogbó kò tíì gbà lọ́wọ́ rẹ,

Eustache