Àtẹ́lẹwọ́ Mi Lórí Àyà Alàgbà

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Alàgbà Káyọ̀dé kú lónìí, nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ajah. N kò tíì sunkún.

Nígbà tí wọ́n ṣubú lásìkò orin, gbogbo wa rò pé ẹ̀mí ló gbé wọn. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé aṣọ sùtánà kò mì mọ́ ní àyà wọn.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà wọn kí ọkàn wọn lè tún máa lù, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ọ́fíìsì. Egungun kan dún lábẹ́ ọwọ́ mi. Wòlíì pariwo pé, "Sìsítà, ṣé ẹ fẹ́ pa bàbá ni?" Mo ń tẹ àyà wọn lọ. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnì kan gbà á ṣe. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀rọ tó ń fi iná jí ọkàn wà nínú ẹ́sítéètì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kí àwọn sikiọ́rítì tó jẹ́ kí ọkọ mi wọlé lọ gbé e, ó ti pẹ́ jù.

Mo jẹ ẹ̀bà nígbà tí mo délé. Mi ò mọ ọbẹ̀ tí mo fi jẹ ẹ́.

Ìyàwó Alàgbà pè mí lórí fóònù láìpẹ́ yìí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ egungun yẹn ni. Wọ́n ní, "Bùkọ́lá, ohun tí o ṣe fún bàbá yẹn, wá kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni kí o kọ́kọ́ kọ́."

Mo ní, "Ó dáa, mà." Ohùn mi dà bíi ti ẹlòmíràn létí mi.