Òkìtì Pàǹtí Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé

Ọjọ́ Ajé, 6/5/91
A bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kíláàsì mi, ọmọ méjìdínlógójì, pẹ̀lú ọkọ́. Iṣẹ́ àyíká: kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tún àdúgbò ṣe. Gọ́tà ńlá ẹ̀yìn ilé-ìwé wa ní àdúgbò Fate ni mo mú. Ó ti dí pa — ọ̀rá, agolo, òkú ewúrẹ́. Jummai ló kọ́kọ́ wọnú ẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ ibi tí gọ́tà náà ń ṣàn lọ gan-an lòun àti ìyá rẹ̀ àgbà ń gbé. Ó ní, "Anti, tójò bá ti rọ̀, yàrá wa lomi ẹ̀ ń wọ̀."

Ẹtì, 10/5
Ó mọ́! Omi ń ṣàn. Pàǹtí tá a kó jáde di òkìtì létí gọ́tà, ó ga jù mí lọ. Ó-Dọ̀la (ọ̀gá ilé-ìwé, kò mọ̀ pé orúkọ tí mo fún un nìyẹn) ní ọkọ̀ akólẹ̀ á wá kó o lọ́la. Ìyá àgbà Jummai gbé wàrà wá fáwọn ọmọ, wọ́n ń ṣàdúrà alùbáríkà. Inú mi dùn kọjá ààlà.

Ajé, 13/5
Ọkọ̀ ò wá.

Ìṣẹ́gun, 14/5
Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn akólẹ̀. Ọkọ̀ kan ló kù, kò sí epo dísù fún un. Akọ̀wé ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́ lórí ìdúró. Ó tì í sábẹ́ àwọn tó kù.

Ẹtì, 17/5
Ojú ọ̀run ṣú. Mo fẹ́ káwọn ọmọ bá mi wa òkìtì yẹn kúrò létí gọ́tà. Ó-Dọ̀la kọ̀, ó ní ìdánwò ti dé tán. Lẹ́yìn ìparí iṣẹ́, èmi àti Jummai nìkan. Ọkọ́ méjì. A ò kó ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Àìkú, 19/5
Òjò. Láti ìdájí. Mi ò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ajé, 20/5
Òkìtì ti ya wọnú gọ́tà, ó dí i pa, omi yà sílé Jummai. Ògiri wó lu ìyá àgbà lẹ́sẹ̀. Egungun ti fọ́. Tẹ́lẹ̀ rí, omi lásán ló ń wọlé. Èmi ni mo kó pàǹtí jọ dè wọ́n.

Ọjọ́rú, 22/5
Mo lọ kí wọn. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Ìyá àgbà ní, "Ìwọ lo rọ òjò ni? Kádàrá Aláhù ni." Wọ́n ní kí Jummai gbé àga fún mi. Ká ní wọ́n bú mi, ì bá sàn. Mo bẹ Jummai kó padà sílé-ìwé. "Anti, ta ni yóò máa gbé wọn dìde?"

Ẹtì, 24/5
Ó-Dọ̀la yìn wá níwájú gbogbo ilé-ìwé. Ó ní gọ́tà ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ló kàn, ká bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo pín ọkọ́. Ẹnikẹ́ni ò mira. Yàhàyá tó máa ń jókòó síwájú nawọ́: "Anti, ta ló ń gbé nísàlẹ̀ ibẹ̀?"
Mi ò mọ̀. Mi ò tiẹ̀ ronú kàn án. Mo ní kí wọ́n kó ọkọ́ padà, kí wọ́n máa lọ sílé.