Ìràwọ̀ Wàjà ní Òṣòdì

Ọjọ́ Ajé, 2 Ọgọ́ọ̀sì 1976
Lónìí, èmi Àjàmú alágbàfọ̀, ìwé mẹ́ta péré, mo kọ́ olùkọ́ yunifásítì ní ẹ̀kọ́ ìràwọ̀.

Ó dáa — mo ti bù mọ́ ọn. Ọládùnní, ayálégbé tó dojú kọ yàrá mi, tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìràwọ̀ ní yunifásítì, ló fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù eléèédú mi. Eérú bo ẹ̀yinná, ó rò pé iná ti kú. Ó jó o. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní àpèjúwe ìràwọ̀ tó ń kú tí òun ń wá kiri nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3
Ó ti yé mi. Bí ìràwọ̀ bá darúgbó, á bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀ sílẹ̀ — afẹ́fẹ́ gbígbóná àti eruku, yí i ká. Hóró eruku yẹn á gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mì, á sì tú u jáde bí ooru. Ojú ò rí i. Ẹ̀rọ wọn ló ń rí i. Òyìnbó fi orúkọ pílánẹ́ẹ̀tì pe ẹ̀wù yẹn, kò sì sí pílánẹ́ẹ̀tì kankan níbẹ̀. Bí èmi Àjàmú tí n kò jà rí.

Sátidé ni Ọládùnní yóò sọ ọ́ lórí rédíò, ní Yorùbá. Bí ó bá dùn, wọ́n á máa fún un láyè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Jọ́ọ̀sì ló dàgbà sí. Yorùbá rẹ̀ ń tiro.

Ọjọ́bọ̀, 5
Ó gbé ìwé tí yóò kà lórí rédíò wá. Mo tún un ṣe díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7
Ìyá Táíyé tó ń ta abọ́ tánganran l'Óṣòdì — Sájẹ́ǹtì ni mo ń pè é — dé lọ́sàn-án gangan, ẹrù lórí. Ó ní ọba ti wàjà, rédíò ló sọ ọ́. Bó ṣe ń tan tirẹ̀ ló gbọ́ ọ: ó ti wàjà, eruku ti bò ó, ooru rẹ̀ ṣì ń jáde. Ó pa ìsọ̀ dé. Gbogbo ìlà wọn pa ìsọ̀ dé.

"Ìràwọ̀ ni, Sájẹ́ǹtì."

"Ọba Ìràwọ̀ ti ìlú wo, Bàbá?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ìfun fi dùn mí.

Ọjọ́ Àìkú, 8
Ẹ̀rín ti tán. Ọ̀gá rédíò ní kí Ọládùnní wá rí òun lọ́la. Ó ń bẹ Sájẹ́ǹtì, ó ní àìgbọ́ Yorùbá òun ló fà á. Mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú.

Ọjọ́ Ajé, 9
Mo bá a lọ. Wọn ò gba àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe padà dé ilé wa ní Ìsọlọ̀, ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Ó ti doríkodò níwájú ọ̀gá, ó ní, "Ẹ má bínú, sà, èmi ni mo ṣì í kọ."

Mo dìde. Mo ní kò ṣì í kọ. "Kú" ló kọ. Èmi ni mo fi bírò fa igi lé e, tí mo kọ "wàjà" sórí rẹ̀. Ọládùnní bi mí léèrè lọ́jọ́ náà, mo ní bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nìyẹn. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo kàn fẹ́ fi í ṣe ẹ̀rín ni.