Oògùn Tí Mo Gbé Sókè Níwájú Ìjọ

                                                Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                                Ẹ̀gbẹ́ Ilé Búrẹ́dì.
                                                Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Aláròyé,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti gbà kí wọ́n máa gun àtẹ̀gùn báyìí? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn rẹ tó fi àlùmọ́gàjí mi gé irun ajá? Mo ti dárí jì í o, àmọ́ n ò tíì gbàgbé. Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Ọkàn mi balẹ̀ débi pé mo pa iṣẹ́ oníbàárà tì, mo jókòó kọ̀wé sí ọ.

O mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá mi fínra. Lóṣù tó kọjá, ìyàwó pásítọ̀ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìjọ, gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà títí òógùn fi bò wọ́n. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀. Mo sáré lọ sọ fún Màmá Ìjọ. Háà! Kí n tó ráyè sọ pé nọ́ọ̀sì ní kí n má fi oògùn mi sílẹ̀, wọ́n ti ń jó. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n kéde fún gbogbo ìjọ pé Ọlọ́run ti wò mí sàn pátápátá, pé n ò fojú kan oògùn mọ́, pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ màá jáde wá jẹ́rìí. Ariwo halelúyà sọ. Èmi rèé lórí ìjókòó, oògùn ń bẹ nínú báàgì mi, mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń ya ní fọ́tò.

Bó bá ṣe pé èmi nìkan lọ̀rọ̀ náà kàn ni, bóyá ǹ bá dákẹ́. Àmọ́ Oníbúrẹ́dì, ará ìjọ wa tó jẹ́ pé ògiri kan ló pín ṣọ́ọ̀bù wa níyà, ní irú àìsàn mi. Ọjọ́ kejì ló wọlé tọ̀ mí wá, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, ó ní òun ti da oògùn òun nù, pé Ọlọ́run tó ṣe tèmi á ṣe tòun. Mo ní, "Jọ̀ọ́, mo ṣì ń lo tèmi o." Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé Màmá Ìjọ ló wá purọ́ níwájú pẹpẹ?" Ó ní kí n má kó àìnígbàgbọ́ mi ran òun. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí i tó di tábìlì ìyẹ̀fun mú ṣinṣin, òòyì ń kọ́ ọ. Mo wá rí i pé ibi tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yìí náà ni mo gbọ́dọ̀ ti tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ dójú ti Màmá Ìjọ? Ìgbà tí ọkọ mi kú, àwọn ló sùn tì mí, àwọn ló ń fọ aṣọ àwọn ọmọ mi. Mo lọ bá wọn nílé kí n lè sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Bí mo ṣe lanu báyìí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, Èṣù ló fẹ́ jí ayọ̀ rẹ. Ìgbàgbọ́ ni kó o fi máa sọ̀rọ̀." Wọ́n bu oúnjẹ fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mo padà sílé. Èmi tí mo máa ń jágbe mọ́ oníbàárà!

O rántí àpọ́sítélì tó sẹ́ Olúwa níbi tó ti ń yáná? Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bú u. Ọmọ-ọ̀dọ̀ lásánlàsàn ló bi í léèrè ọ̀rọ̀, kò mú idà dání, ọkùnrin gìrìwò wá ń gbọ̀n. N ò bú u mọ́ o. Mo bẹ Ọlọ́run kó mú ẹ̀rù yìí kúrò lára mi, kò mú un kúrò. Mo bá ní kò burú, kí èmi àti ẹ̀rù jọ máa lọ.

Nígbà tí wọ́n pè mí lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo jáde síwájú ìjọ. Mo ki ọwọ́ bọ báàgì, mo gbé páálí oògùn mi sókè. Mo ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa. Wọ́n gbàdúrà fún mi, ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀. Àmọ́ n ò tíì fi oògùn sílẹ̀, òun ni mò ń lò láràárọ̀. Ẹni tó bá torí tèmi da tiẹ̀ nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ọlọ́run ò ní ká fi irọ́ gbé òun ga."

Màmá Ìjọ dìde, wọ́n ń bọ̀. Mo ní ó ti parí, wọ́n á gba máìkì lọ́wọ́ mi. Wọ́n wo páálí náà, wọ́n wò mí, wọ́n wá béèrè, máìkì sì gbé e síta: "Ṣé o ti lo tàárọ̀ yìí?"

Yéè! Aláròyé, n ò tíì lò ó! Ẹ̀rù tó bà mí láti ìdájí ti jẹ́ kí n gbàgbé. Mo ní, "Rárá, mà." Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó ran gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá Ìjọ fúnra wọn ló lọ bu omi wá, wọ́n dúró tì mí títí mo fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba máìkì. Wọ́n ní ayọ̀ ló mú kí àwọn sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn, kí ìjọ má bínú. Mo sunkún. Ara tù mí bí ìgbà téèyàn bọ́ bàtà tó ń há a lẹ́sẹ̀.

Oníbúrẹ́dì ò kí mi lọ́jọ́ yẹn. Ó kọjá lára mi lẹ́nu ọ̀nà, ó fajú ro. Mo ní mo ti pàdánù aládùúgbò nìyẹn. Àfi bó ṣe di ọjọ́ Ajé, tí mo rí òun àti Màmá Ìjọ tí wọ́n ń ti ilé ìwòsàn bọ̀, páálí tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti lo tèmi láàárọ̀, màá kan ògiri. Kí ìwọ náà kàn án padà, ajẹ́rìí tó ń gbàgbé oògùn!"

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o bá mi kí màmá rẹ, kí o sì sọ fún onígbàjámọ̀ ajá yẹn pé mo ti tọ́jú àlùmọ́gàjí mi. Ìwọ náà, jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, ariwo tó ò ń pa kò kéré. Ó wù mí kí n kọ jù báyìí lọ, àmọ́ Oníbúrẹ́dì ti ń kan ògiri. Jẹ́ kí n wá omi, kí n lè dá a lóhùn.

Èmi ni tìrẹ tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀,
Abẹ́rẹ́.