Ọmọ Tí Wọn Ò Tíì Sọ Lórúkọ

Abúlé Òkúta,
Bariga, Lagos.

Munirat, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ìlera. Ní tèmi, ara le, ọkàn ni kò balẹ̀. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló ń kọ lẹ́tà láyé ìsinsìnyí. Ọ̀rọ̀ yìí gùn ju ohun tí èèyàn ń tẹ̀ lórí fóònù lọ, ìwọ náà sì máa bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ tìrẹ lóṣù tó ń bọ̀.

Ilé ìlera kan níbí ni wọ́n fi mí sí. Ìlàjẹ, létí ọ̀sà, ni àdúgbò tèmi: mò ń wá àwọn ọmọdé tí kò tíì gba àjẹsára láti ojúlé dé ojúlé. Ọ̀gá wa, Arábìnrin Oyèbísí, sọ fún àwa tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ni wọ́n máa gbà síṣẹ́ tí ìkọ́ṣẹ́ bá parí, ẹni tí ọmọ kankan kò bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu mi mọ́.

Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ mà, ọmọ mélòó lẹ ní?" Munirat, ojú tí wọ́n fi wò mí! Ìyá kan ní, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?" Wọ́n kọ́ mi nílé o, kíláàsì ló gbàgbé. Ni mo bá yé bèèrè iye, mo ń ní kí wọ́n pe àwọn ọmọ jáde lórúkọ, kí n kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyá ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ ń sáré jáde. Ọ̀gá yìn mí lójú gbogbo ẹgbẹ́, orí mi sì wú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo dé ilé ìyá àgbà kan tó ń yan ẹja, Ìyá Japhet. Ó pe àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ jáde, mo kán oògùn sí wọn lẹ́nu. Mo bi í bóyá ó ku ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Kò sí orúkọ mìíràn." Mo dúpẹ́, mo lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo tún gba ibẹ̀ kọjá, mo rí ìlédìí kéékèèké tí wọ́n sá sórí okùn. Mo yà wọlé, mo bèèrè ọmọ tó ni wọ́n. Ìyá àgbà kò purọ́ fún mi: ọmọ tuntun wà ní yàrá, wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ, wọn kì í sì í gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde fún àlejò. Kí ni ì bá ti pè é? Beatrice, ìyá ọmọ náà, gbé e hàn mí. Ara rẹ̀ àti ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí àgbálùmọ̀. Kò mu ọmú láti àárọ̀. Oòrùn ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n rò pé pípọ́n náà máa lọ.

Mo ní ọsibítù ni, kíá. Ìyá àgbà ní àwọn kì í gbé ọmọ tí kò lórúkọ kiri ìgboro. Mo kúnlẹ̀ sórí pákó tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ilé náà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kó wà láàyè kí ẹ lè rí i sọ lórúkọ." Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bo ọmọ náà, ó ní ká máa lọ.

Abẹ́ iná búlúù tí ọsibítù fi ń wo ara pípọ́n ọmọ tuntun ló wà láti ìgbà náà. Beatrice bi mí pé, "Àǹtí, ṣé yóò yè?" Ọwọ́ rẹ̀ ni mo kàn dì mú. Tí ìwọ bá dé ojúlé tìrẹ, máa bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ká ní mo bèèrè ni!

Àná ló pé ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sì sọ ọmọ náà lórúkọ ní ọsibítù níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí oyin kàn án lẹ́nu, àwa àgbà la lá a. Ìyá àgbà ní kí èmi náà fún un lórúkọ kan. Ẹ̀rù bà mí, torí n kò mọ̀ bóyá yóò dúró jẹ́ ẹ. Mo pè é ní Ànúolúwapọ̀.

Mo ti sọ fún ọ̀gá pé mo ti kọ́kọ́ fo ọmọ náà. Kò tíì sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́.

Kí Ọlọ́run ṣíwájú rẹ lọ síbi ìkọ́ṣẹ́ rẹ, kí ojú rẹ tètè rí ohun tó yẹ kó rí. Bá mi kí Màmá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò rí oorun sùn,
Tẹniọlá.

Àfikún: N kò tíì fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n pè mí láti ọsibítù. Ànúolúwapọ̀ mu ọmú láàárọ̀ yìí. Iwájú ọ̀gá ni mo wà, mo sì bú sẹ́kún. N kò mọ̀ bóyá wọ́n máa ń gba ẹni tó ń sunkún síṣẹ́.